Ẹni Tó Ń Kà Nídìí Ọkọ̀

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí n tó gbàgbé: èmi ni mo ba iṣẹ́ ewé òkun yẹn jẹ́ nígbà àkọ́kọ́. Kì í ṣe ìjọba, kì í ṣe ilé-iṣẹ́. Èmi tí mo jókòó yìí ni.

Apẹja ni mí, ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo fi wà lórí omi. Oṣù keje lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn ní kí n sunkún, ẹkún ò wá. Wọ́n ní kí n jẹun, mo jẹun, n ò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Inú mi ò dùn, kò sì bàjẹ́. Ó kàn wà níbẹ̀ bí ìkòkò tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀.

Àbígbẹ̀yìn mi obìnrin nìkan ló kù sílé. Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti lọ sí ìlú ńlá, wọ́n máa ń pè mí lọ́jọ́ Àìkú bí ẹni ń lo oògùn. Òun náà ti di ẹrù ẹ̀, báàgì méjì, ó kó wọn sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìgbà yẹn gan-an ni ìjọba àti ilé-iṣẹ́ kan jọ dé, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa gbin nǹkan sínú òkun.

"Gbin kí ni?" mo bi ọmọ mi.

"Ewé òkun, Bàámi. Wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, wọ́n fi ń ṣe oògùn, ẹran ọ̀sìn náà ń jẹ ẹ́."

"Èyí tó máa ń há sí wa láwọ̀n, tí ìyá yín á máa tìtorí ẹ̀ bú mi?"

"Òun náà ni."

"Hẹ̀n-ẹn. Ayé mà ti dorí kodò o."

Wọ́n pè wá sípàdé lábẹ́ àtíbàbà tá a ti ń tún àwọ̀n ṣe. Fáìlì là ń pe ọkùnrin tí ìjọba rán wá, torí kò sí ibi tí kì í gbé fáìlì ẹ̀ lọ, kódà tó bá fẹ́ lọ tọ̀. Rọ́bà là ń pe ti ilé-iṣẹ́, torí bàtà rọ́bà tó dé orúnkún ló máa ń wọ̀, lórí ilẹ̀ gbígbẹ o.

Fáìlì dìde. Ó ní ìjọba ló ni omi àti ìwé àṣẹ, ilé-iṣẹ́ ló ni okùn àti irúgbìn, wọ́n sì ti rí ẹni tó máa rà á, àwa ará etíkun la ni ọwọ́. Ó ní, "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ akèrègbè."

Obìnrin kan tó ń hun àwọ̀n ké látẹ̀yìn: "Nínú ẹ̀yin méjèèjì, èwo ni ọmọdé?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì ò rẹ́rìn-ín.

Àdéhùn wọn ni pé kí wọ́n fi oṣù mẹ́rin dán an wò. Bí ewé yẹn bá dàgbà, wọ́n á fọwọ́ sí ogún ọdún, ọmọ mi ló sì máa jẹ́ ọ̀gá àwọn obìnrin tó ń so irúgbìn mọ́ okùn. Bí kò bá dàgbà, kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ. Nígbà tá a délé, ọmọ mi tú báàgì kan. Ó fi ìkejì sílẹ̀ bó ṣe wà.

"Bàámi, bó bá yọrí, mi ò lọ mọ́. Bí ò bá yọrí, ẹ má bínú sí mi o."

Mo ní mi ò ní bínú. Òótọ́ ni mo sọ. Agbára ìbínú gan-an ò sí.

Ó wá ku kí wọ́n mọ bí omi ibẹ̀ ṣe jìn tó. Ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ fi ń wọ̀n ọ́n ti bàjẹ́. Ti ìjọba wà nínú ìwé, wọ́n ní àwọn máa rà á. Ni wọ́n bá ní kí n wá.

Bí àwa ṣe ń ṣe é nìyí: a ó so òjé mọ́ okùn, a ó jù ú sómi. Tó bá ti kanlẹ̀, màá máa fà á bọ̀. Bí mo bá na apá mi méjèèjì tán, ọ̀kan nìyẹn. Àmọ́ iṣẹ́ èèyàn méjì ni. Èmi á máa fà, ìyàwó mi á jókòó sídìí ọkọ̀, á máa kà: "Ọ̀kan rèé. Èjì tẹ̀ lé e. Ẹ̀ta, má sùn. Ẹ̀rin, fà á gírí." Bó ṣe máa ń kà á nìyẹn. Látọjọ́ tí mo ti ń ṣe apẹja, n ò ka okùn rí. Fífà ni tèmi.

Lọ́jọ́ yẹn, mo fà á. Fáìlì mú báírò dání. Rọ́bà da orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń bì sómi, ojú ẹ̀ ti pọ́n bí iná. Òjé jáde.

Fáìlì ní, "Baba, mélòó ni?"

Mo wo ìdí ọkọ̀. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì epo ló wà níbẹ̀.

Mo ní, "Mẹ́sàn-án."

N ò gbèrò láti purọ́. Ẹnu mi ló wá nǹkan sọ. Fáìlì kọ ọ́, Rọ́bà nu ẹnu, ó fọwọ́ sí i, a padà sí èbúté.

Mẹ́sàn-án yẹn ni wọ́n fi gé gbogbo okùn. Wọ́n so ìdí ẹ̀ mọ́ òkúta nísàlẹ̀ omi, wọ́n so orí ẹ̀ mọ́ ike tó ń léfòó, kí ewé lè wà lókè níbi tí oòrùn ti máa bá a. Ó kọ́kọ́ dáa, torí omi ṣì fà gan-an lákòókò yẹn. Ọmọ mi á délé nírọ̀lẹ́, ọwọ́ ẹ̀ á ti bó, á ní, "Bàámi, ó ti gùn tó ìka mi." Èmi á ní, "Ó dáa." Ìgbà tí omi ńlá wá dé, òkun kún, okùn ò tó, ó wá fa àwọn ike yẹn rì. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ewé fi wà nínú òkùnkùn. Nígbà tí omi fà, gbogbo ẹ̀ ti funfun bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀ gbàgbé sórí iná.

Wọ́n pè wá sí ọ́fíìsì Fáìlì. Fáànù kan wà níbẹ̀ tó ń yí ọrùn kiri, kò fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnikẹ́ni. Ọmọ mi dúró ti ògiri, ewé funfun yẹn wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ ẹ̀.

Fáìlì ní, "Ilé-iṣẹ́ yín gé okùn kúrú."

"Mẹ́sàn-án lẹ kọ, mẹ́sàn-án la gé."

"Ẹ̀yin náà fọwọ́ sí i!"

"Ìjọba ló kọ́kọ́ kọ ọ́!"

"Ṣé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ máa bì lọ́jọ́ yẹn ni?"

Rọ́bà dìde. Ó ní tó bá di ọjọ́ Ẹtì, àwọn á kó okùn àwọn, àwọn á máa lọ. Fáìlì pa fáìlì ẹ̀ dé. Ọmọ mi ń di ẹnu ọ̀rá ọwọ́ ẹ̀. Mo rántí báàgì kejì yẹn.

Mo ní, "Èmi ni. N ò kà á."

"Ẹ ò ka kí ni, Baba?"

"Okùn. Ìyàwó mi ló máa ń kà á. Ó ti kú."

Mò ń dúró kí ìtìjú dé, bí ẹni ń dúró de ọkọ̀. Kò dé.

Rọ́bà ní, "Baba, ẹ mọ̀ pé ó máa wọ ìwé?"

"Kó wọ̀ ọ́."

Ẹ wò ó, èjìká Fáìlì rọ̀ wálẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi ìjọba mọ́. Rọ́bà náà padà jókòó. Ẹrù tí wọ́n ń tì síra wọn, mo ti gbé e. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́, pé àwọn á tún oṣù mẹ́rin bẹ̀rẹ̀, pé kí wọ́n má jẹ́ kí baba yẹn wọn omi mọ́.

Ìgbà yẹn ni ọmọ mi tó sọ̀rọ̀. "Ẹ̀rọ yín ti dé ni?"

Wọ́n ń wo ara wọn.

"Ta ló mọ ibẹ̀ bíi Bàámi? Àwọn ló máa fà á. Èmi ni màá kà á."

Nígbà tá a délé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi, Bàámi? Ẹ̀ ń ṣe mí bí àjèjì."

"Mò ń ṣe ara mi náà bẹ́ẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tú báàgì kejì, ó yọ aṣọ òjò ìyá ẹ̀ jáde, ó wọ̀ ọ́. N ò mọ̀ pé òun ló mú un. Kò di báàgì yẹn padà, ẹnu ẹ̀ wà ní ṣíṣí bá a ṣe ń lọ.

Nínú ọkọ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì kúrò nídìí ọkọ̀, ó jókòó. Rọ́bà ti da orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ju òjé, ó kanlẹ̀, mo na apá.

"Ọ̀kan rèé."

Ọwọ́ mi dúró. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ láti máa kà á bẹ́ẹ̀.

"Bàámi, ẹ fà á. Èjì tẹ̀ lé e. Ẹ̀ta, má sùn."

Mo fà á títí òjé fi jáde. Fáìlì gbé báírò sókè. "Baba, mélòó ni?"

Mo nawọ́ sí ìdí ọkọ̀.

"Mọ́kànlá," ọmọ mi ní.

"Ẹ tún un kà," Rọ́bà ní, orí ẹ̀ ṣì wà lójú omi.

A tún un ṣe. Mọ́kànlá náà ni. Okùn yẹn tutù, omi ẹ̀ ń ṣàn wọ apá aṣọ mi, mo sì mọ̀ pé ó tutù.