Oògùn Tí Iná Ń Jí

Bí Dókítà Tehmina ti ń tú báńdéèjì ẹsẹ̀ ìyá àgbà Sabhagi, ìyá náà figbe ta: "Ọmọ mi, bó o bá máa gé nǹkan, orí mi ni kó o kọ́kọ́ gé. Òun ló ya dìndìnrìn!"

Kò purọ́. Dókítà ti fi oògùn kan tó ń yọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì dí ojú egbò tí àtọ̀gbẹ dá sí i ní gìgísẹ̀. Oorun ni oògùn náà ń sùn. Àfi bí iná búlúù bá tàn sí i ni yóò jí, tí yóò pa kòkòrò. Ṣùgbọ́n ní Multan, ìlú wọn, ta ní í ṣí egbò sílẹ̀ kí ojú burúkú rí i? Bí Naseeban, ìyàwó ọmọ rẹ̀, bá ti tan àtùpà oníná búlúù náà kalẹ̀ tó jáde, aṣọ dúdú ni ìyá àgbà ń fà bò ó. Iná ń tàn sórí aṣọ, oògùn ń hanrun, egbò sì ń rùn bí òkú ewúrẹ́. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí wọn yóò gé ẹsẹ̀ náà kí Naseeban tó ká a mọ́ ibẹ̀.

"Màmá! Ojú ta lẹ ń sá fún? Tèmi?"

"Tìrẹ gan-an! Ojú tó là kalẹ̀ bí i ti ẹfọ̀n yẹn!"

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Láti ọjọ́ náà, Naseeban kò jáde mọ́. Ó ń lóṣòó síbẹ̀, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ di àtùpà mú, àwọn méjèèjì a sì máa bú ara wọn títí róòtì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó wà lórí iná, yóò fi jóná. Dókítà gbà láti dá iṣẹ́ abẹ dúró díẹ̀. Òní ni àkókò tó fún wọn pé.

Báńdéèjì já bọ́. Sabhagi dijú, ó ń pe Ọlọ́run, ó ń pe èébú mọ́ ọn.

"Ìyá, ẹ wò ó," ni Dókítà wí.

Ó la ojú kan. Kò sí ọyún, kò sí òórùn. Ẹran tuntun ti hù, ó pupa bí inú gúáfà, awọ sì ti ń fà wọ ojú egbò láti etí.

"A ò gé nǹkankan mọ́."

Sabhagi bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ọ̀rá ikùn rẹ̀ ń mì. "Ẹ pe gbogbo àwọn tó ti ń bá mi dárò! Kí wọ́n wá wò ó! Kí wọ́n wò ó yó!"

Ó fọ̀pá gúnlẹ̀, ó dìde, ó sì ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó mọ̀ pé òun nìkan ló ń lọ. Ó bojú wẹ̀yìn. Naseeban ṣì wà nílẹ̀ níbi tó lóṣòó sí láti bá a di ẹsẹ̀ mú, ó ń fọwọ́ pa orúnkún. Sabhagi wo orúnkún náà. Kò wò ó rí.

"Ẹ máa lọ, Màmá," ni Naseeban wí. "Ẹsẹ̀ tèmi ló kú báyìí."