Obìnrin Tó Bá Mi Tọ́jú Ọkọ

Abọ́ kan, ṣíbí méjì. Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi… Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ, oúnjẹ ń gbóná mọ́ mi lọ́wọ́, ìgbà tí mo fẹ́ kanlẹ̀kùn ni mo tó rí i pé inú abọ́ kan náà ni mo bu ti àwa méjèèjì sí. Látọjọ́ tí a ti fẹ́ra wa la ti ń jẹun bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi ò tíì gbọ́ ìròyìn pé ọkọ mi ń ṣàìsàn, pé n kò gbọdọ̀ wọ yàrá yìí.

Ó tún ń húkọ́. Ó dà bíi pé ó ti rọ̀ ju ti àná lọ… àbí etí mi ló fẹ́ kó rọ̀?

Kí ni mò ń ṣe níta gan-an? Ọkọ mi ni. Ó wa ọkọ̀ akẹ́rù la ilẹ̀ onílẹ̀ kọjá, ó padà délé, n kò sì lè gbé ọwọ́ lé e níwájú orí. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹnubodè ló ní kó dá yàrá kan gbé títí ara gbígbóná yìí yóò fi lọ, nítorí ikọ́ náà ń ràn. Nọ́ọ̀sì bi í pé iṣẹ́ wo ni ìyàwó ń ṣe, òun náà dáhùn pé alásè ilé ìwé ni. Ọkọ mi ní ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kúrò lójú nọ́ọ̀sì.

Kí ló wá kàn án? Kò mọ̀ mí. Kò mọ Fikúnun, ọmọ kékeré kan nílé ìwé wa tí kì í rí àwo oúnjẹ kó má sọ pé kí n fi kún un, tí a fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo máa ń fẹ́ oúnjẹ rẹ̀ kó má bàa jó o. Ẹnu mi yìí ni mo fi ń fẹ́ ẹ…

Ó dáa. N kò ní wọlé. Mo kàn fẹ́ wo ojú rẹ̀ ni — bí mo bá fi ìborùn bo imú, díẹ̀ péré — rárá. Mo mọ ara mi. Bí mo bá wọlé màá jókòó, bí mo bá jókòó màá fọwọ́ kàn án, ó parí nìyẹn.

Wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yẹn, mo sì rò pé mo mọ ibi tí ilé ọ̀hún mọ. Yàrá, pálọ̀, ẹ̀yìnkùlé, bó pọ̀ tán aládùúgbò tó máa ń yí rédíò sókè. Àṣé kòkòrò tí wọ́n jẹ ní ìlú tí n kò lè pe orúkọ rẹ̀ já geere lè húkọ́ nínú yàrá mi. Ilé yìí mà ti fẹ̀ o.

Kí n má purọ́, kì í ṣe ikọ́ nìkan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Obìnrin kan wà ńbẹ̀. Ọkọ mi ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lánàá, láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, kò tijú. Ó ní ara òun gbóná bí iná nílé tí àwọn awakọ̀ máa ń sùn sí, ẹni tó ń fọ aṣọ ibùsùn níbẹ̀ wá gbé omi gbígbóná fún òun, ó fi aṣọ tútù nu òun lójú, ó jókòó ti òun títí oorun fi gbé òun lọ. Aṣọ tútù! Ojú ọkọ mi! Mo ní èdè wo lẹ̀ ń bára yín sọ? Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

"Alásè mi, a ò gbọ́ èdè ara wa. Ṣùgbọ́n ta ni ò mọ ikọ́?"

N kò fẹ́ kó mọ̀ pé mò ń jowú ẹni tí n kò rí rí. Ó kúkú mọ̀. Ó yára fi kún un pé obìnrin náà ti dàgbà, pé ó jọ ìyá mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n! Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, àfi bí ẹni pé àná ló gbé mi níyàwó.

Mò ń mú ṣíbí tèmi kúrò. Mò ń gbé abọ́ sórí àga, mò ń kanlẹ̀kùn, mò ń sún sẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń yọ. Ó ní oúnjẹ yìí pọ̀ ju ti ẹnì kan lọ. Mo ní kó jẹ ẹ́ tán. Ìlẹ̀kùn ti padé.

Ó ń jẹun… mò ń gbọ́ ọ. Kò lè jẹun lánàá. Ọlọ́run ṣeun. Bí obìnrin yẹn kò bá sí ńkọ́… ó jókòó tì í. Kò sí ìlẹ̀kùn láàárín wọn. Kò sí nọ́ọ̀sì tó kìlọ̀ fún un. Ó fi ọwọ́ lásán kó aṣọ ibùsùn tí ọkọ mi làágùn sí, ikọ́ sì ń — dúró ná.

Wọ́n ní ojú ló ń rójú ṣàánú. Ojú tèmi kò rí tirẹ̀ rí. Kí ló wá ń já mi láyà báyìí?

"Ẹ gbọ́ ná… obìnrin yẹn. Nígbà tí ẹ kúrò níbẹ̀, ṣé ara rẹ̀ le?"

Ó ti dẹ́kun jíjẹun.

"Mi ò bèèrè," ló ń wí.

Mò ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ti ìlẹ̀kùn. N kò mọ orúkọ rẹ̀. N kò mọ ilé rẹ̀. Ó bá mi tọ́jú ọkọ mi… ta ló ń bá mi tọ́jú òun?