Aṣọ Ìyàwó Tó Ti Rí Òógùn Ẹlòmíràn

Ọwọ́ẹ̀yẹ, bí wọ́n ṣe ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù, ló rán aṣọ ìyàwó náà. Funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìfófòó omi. Tàdúràtàdúrà ló fi to ìlẹ̀kẹ̀ àyà rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń ránṣọ lábẹ́ àbúrò ìyá rẹ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù, orúkọ àǹtí nìkan ló ń wà lọ́rùn aṣọ. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Lónìí, àǹtí gbà kó rán orúkọ tirẹ̀ mọ́ ọn.

Ó yí ọrùn aṣọ síta. Lọ́fínńdà ló kọ́kọ́ kí i, òórùn abíyá sì tẹ̀ lé e. Ó yẹ inú wò. Abẹ́ apá ti pọ́n rúsúrúsú, àtíkè ti dì mọ́ ọrùn, irun orí ẹnì kan sì lẹ̀ mọ́ òógùn gbígbẹ. Itọ́ kún un lẹ́nu. Kí Elédùmarè má fi iṣẹ́ ọwọ́ wa dójú tì wá.

“Àǹtí, ta ló wọ aṣọ yìí?”

Àǹtí ò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí máṣíìnì. “Mo fi yá ìyàwó kan lọ́sẹ̀ tó kọjá ni. Ṣé ó jẹ ẹ́ ni?”

“Ó ń rùn, Àǹtí!”

“Imú ìyàwó kì í gbóòórùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìdùnnú á ti dí i. Fọ́n lọ́fínńdà sí i, kó o rán orúkọ ẹ mọ́ ọn.”

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọmọge tó fẹ́ fi aṣọ náà ṣègbéyàwó wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó gbá aṣọ náà mọ́ra, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. “Ẹ̀gbọ́n, ó mà ń ta sánsán o!”

Ọwọ́ẹ̀yẹ wo ojú Àǹtí. Àǹtí ṣẹ́jú sí i: bó bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Bí ò bá sì sọ̀rọ̀, òógùn ẹlòmíràn ni ọmọ yìí yóò wọ̀ dúró níwájú Ọlọ́run, orúkọ Ọwọ́ẹ̀yẹ á sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ó gba aṣọ, ó yí inú rẹ̀ síta. “Má wọ̀ ọ́, àbúrò mi. Wò ó.”

Ọmọge náà rí irun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń nù ún, kò dúró. “Ojú mi ni mo fi lé e yìí!”

“Aláìmoore!” Àǹtí ti dìde. “Jáde! Ta ló mọ̀ ẹ́ níta?”

Ọwọ́ẹ̀yẹ kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. “Ẹ ṣeun, Àǹtí mi.” Ṣùgbọ́n kò lè wo ọwọ́ Àǹtí tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ó mú téèpù àti sísọ́ọ̀sì rẹ̀.

Ọmọge náà bá a dé ìta. “Kí ni mo wá fẹ́ wọ̀ báyìí?”

“Màá rán òmíràn fún ẹ nílé wa. Jẹ́ kí n fọwọ́ ná kí n tó wọ̀n ẹ́.”

Ó fọwọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Ó gbé ọwọ́ sí imú, òórùn náà ṣì wà níbẹ̀. Ó tún un fọ̀.