Mọ́tò Tó Máa Gbé Jíbọ́lá

Táwà ní òun kò fẹ́ gbọ́ bí mọ́tò ṣe ń sáré, òun kò sì fẹ́ gbọ́ ibi tí wọ́n ti kó o wọ̀lú. Ó ní òun fẹ́ dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀.

Àwọn ọkùnrin méjèèjì wo ara wọn. Abẹ́ igi dógóńyárò tó wà lẹ́yìn wọ́ọ̀dù ni wọ́n dúró sí, ní ilé ìwòsàn kan ní Sókótó. Mọ́tò méjì wà níwájú wọn tí wọ́n ti fọ̀ títí tí eṣinṣin ò fi lè dúró lára wọn. Èyí tó dúdú, BMW, ni ti Gbádéyan oníbúrẹ́dì, alága ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ nílùú náà. Èyí tó láwọ̀ eérú, Bẹ́ńsì, ni ti Adérógbà, olùkọ́ ní yunifásítì. Láti ọdún tí wọ́n ti ra mọ́tò wọ̀nyí ni wọn ò ti gbà fún ara wọn mọ́. Bí wọ́n bá pàdé níbi ìsọmọlórúkọ, wọn ò ní tíì sọ orúkọ ọmọ tán tí ọ̀rọ̀ mọ́tò á ti bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Ẹwà, kí lẹ fẹ́ dùbúlẹ̀ ṣe?" Gbádéyan bi Táwà. "Mọ́tò yìí, bí mo bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, ilẹ̀ ló máa ń bẹ̀ mí. Tí a bá kírun àárọ̀ ní Sókótó, Ìlọrin la ó ti kí ti ìrọ̀lẹ́."

"Ìrun òkú lẹ máa kí níbẹ̀," Adérógbà dá a lóhùn. "Ṣé aláìsàn lo fẹ́ gbé ni, àbí búrẹ́dì? Ìyá Ẹwà, ẹ jókòó sínú tèmi, ẹ ó rò pé orí ìkùukùu lẹ wà. Àwọn tó ṣe é ro ti eegun ọmọ èèyàn mọ́ ọn. Ìfọ̀kànbalẹ̀ ni wọ́n kọ́ sínú ẹ̀."

"Tíṣà, mọ́tò arúgbó!"

"Alága, mọ́tò ọmọ ìta!"

Aránṣọ ni Táwà ní àdúgbò Kofar Doya. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé aṣọ tí ẹnu ọlọ́jà bá yìn jù, ọwọ́ ni kí èèyàn fi kàn án kó tó gbé e. Ó bọ́ bàtà rẹ̀.

"Èwo ni ká kọ́kọ́ gùn?" ó ní.

Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ni. Jíbọ́lá ń lẹ táyà ní àdúgbò Gawon Nama. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà tírélà kan ni ríìmù bá bẹ́, ó gbé e, ó fi lu ògiri. Ẹ̀jẹ̀ ò jáde. Ó kàn wà nílẹ̀ níbẹ̀ ni, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń bi àwọn èèyàn pé ta ló jókòó lé òun lẹ́sẹ̀. Ọrùn ló ṣẹ́. Láti ìgbà náà, orí rẹ̀ nìkan ló ṣì ń gbọ́ tirẹ̀.

Dókítà sọ pé ọ̀gá dókítà kan wà ní Ìlọrin tó lè la ọrùn náà kó fi irin dè é. Òyìnbó tó gùn ló fi sọ ọ́. Táwà ní, "Ṣé yóò rìn?" Dókítà tún gbé òyìnbó mìíràn kalẹ̀. "Mo ní, ṣé yóò rìn?" "Rárá," dókítà wí. "Ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ láyé. Bó bá wà níbí, kò ní pẹ́." Ó wá kìlọ̀ pé àyà Jíbọ́lá ti ń kún, nítorí náà ìrìn náà kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ kan lọ. Ọrùn náà kò sì gbọdọ̀ mì.

Mọ́tò ilé ìwòsàn kì í jáde kúrò ní ìpínlẹ̀. Ta ló sì ń sọ ti bàálù? Ọ̀rọ̀ bá dé ìpàdé ẹgbẹ́. Alága dìde pé mọ́tò òun wà ńlẹ̀. Tíṣà náà dìde kí tọ̀hún tó jókòó.

Ti Gbádéyan ni wọ́n kọ́kọ́ gùn. Ó tẹ́ ìjókòó iwájú sẹ́yìn títí tó fi pàdé ti ẹ̀yìn, Táwà sì dùbúlẹ̀ gbalaja, ó ń wo òrùlé mọ́tò. Kó tó sọ pé ó yá, wọ́n ti fi àwọn ọlọ́kadà ẹnu géètì sílẹ̀. Wọ́n gba Gawon Nama kọjá, wọ́n dé Kasarawa níbi tí ilé ti ń tán tí pápá ń bẹ̀rẹ̀, Gbádéyan bá jẹ́ kí mọ́tò náà ṣe bó ṣe fẹ́. Ká sọ tòótọ́, ó sáré. Ó ń gba kọ́nà bí ẹran tó ní èékánná. Kò yẹ̀, kò tẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òkúta kan lójú títì tí kò kí Táwà ní ìdí.

"Ẹ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì yẹn!" Gbádéyan pariwo. "Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Ìbàdí mi gbọ́ ọ," Táwà ní.

Bẹ́ńsì Adérógbà yàtọ̀. Kòtò kan náà tó gbé Táwà sókè nínú BMW, eléyìí gbà á mọ́ra, ó gbé e kalẹ̀ bí ìyá tó ń gbé ọmọ tó ti sùn. Atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí i lójú, ooru Sókótó dúró síta. Orí àga onígi gbọọrọ ni Táwà ti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ tí ríìmù ti bẹ́. Kí wọ́n tó padà dé abẹ́ igi, oorun ti gbé e lọ.

"O rí i?" Adérógbà ń yọ Gbádéyan lẹ́nu. "Ìyá Ẹwà hanrun! Ta ló hanrun nínú tìrẹ rí?"

"Ẹni tí kò sùn láti ọjọ́ yìí, tí o bá gbé e lé orí igi ìdáná, á hanrun."

Táwà nu ẹnu rẹ̀. "Bẹ́ńsì ni," ó wí, ó sì wọlé lọ. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Ó pẹ́ tó ti ní ohun rere kan láti sọ fún Jíbọ́lá.

Jíbọ́lá fẹ̀yìn lélẹ̀ bó ṣe máa ń wà. Àpò yanrìn kékeré méjì ló há orí rẹ̀ láàárín kó má baà yí. Hadiza, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀, ń nu itọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ti Tíṣà ló dáa jù, Bàbá Ẹwà," Táwà ní. "Ó rọ̀. Ẹ̀yìn ò ní dùn yín. Ìbàdí ò ní ro yín."

Jíbọ́lá ń wo àjà. Ó kọ́kọ́ mí ná, nítorí àyà rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́.

"Ẹ̀yìn wo?" ó ní.

Táwà ń tún aṣọ tó fi bo ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe.

"Táwà, ẹ̀yìn wo? Bí wọ́n bá tẹ́ mi sórí ẹ̀gún, ṣé mo máa mọ̀ ni? Ọrùn ńkọ́? O ò sọ ohun tí ọrùn ẹ ṣe."

Táwà gbìyànjú láti rántí, kò rántí. Ohun tó rántí ni ẹsẹ̀ rẹ̀, bó ṣe fi ń ti ilẹ̀ mọ́tò ní gbogbo kọ́nà, àti ọwọ́ rẹ̀ tó di ilẹ̀kùn mú kódà nígbà tó ń sùn. Ara tó pé ló gbé lọ dán mọ́tò wò. Ara tó pé a sì máa gba ara rẹ̀ mú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

"Hadiza," ó ní lédè Hausa, "wá báńdéèjì. Wá àpò yanrìn méjì sí i. Kí o sì bá mi jáde."

Nígbà tí àwọn ọkùnrin náà rí ohun tí Hadiza ń ṣe lábẹ́ igi, Adérógbà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Hadiza di apá Táwà méjèèjì mọ́ ara, ó di ẹsẹ̀ pọ̀ láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ní kí Gbádéyan wá bá òun gbé e sínú Bẹ́ńsì. Ó to yanrìn sí etí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó sì lọ jókòó sẹ́yìn níbi tó ti lè máa wo orí náà.

"Ìyá Ẹwà, kí lèyí?" Adérógbà ní. "Ẹ̀ ń ṣe bí òkú."

"Bí ọkọ mi ni mò ń ṣe. Ẹ wa mọ́tò. Kí ẹ sì sáré, torí ọjọ́ kan ni wọ́n fún wa."

Ó sáré. Ó dé kọ́nà àkọ́kọ́ lẹ́yìn Gawon Nama, ìjókòó rírọ̀ náà sì gbà fún ara Táwà bó ṣe gbà fún un tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní ẹsẹ̀ tó máa fi ti nǹkan kan báyìí. Ara rẹ̀ yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, orí rẹ̀ sì dúró láàárín yanrìn. Ìrora kan gbéra láti etí rẹ̀ dé abíyá. Ó fẹ́ na ọwọ́, kò sí ọwọ́.

"Tsaya! Tsaya!" Hadiza pariwo pé kó dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí Táwà mú. Adérógbà tẹ búréèkì. Ìyẹn náà tún jẹ́ ọ̀ràn fún ọrùn.

Wọ́n gbé e sínú BMW. Níbẹ̀, ìjókòó há a mọ́ra lọ́tùn-ún lósì, ara rẹ̀ kò yọ̀ lọ síbì kan. Wọ́n gba kọ́nà yẹn, kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n gba èkejì. Táwà bẹ̀rẹ̀ sí í ronú irú aṣọ tí òun máa dì fún Jíbọ́lá, àti ẹni tó máa bá òun tọ́jú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n dé ibi tí títì ti fọ́ lẹ́bàá Kasarawa, níbi tí àwọn ràkúnmí ti ń sọdá. Gbádéyan ò lè yà fún un, bẹ́ẹ̀ ni kò dẹwọ́. Mọ́tò náà lù ú gbà! Orí Táwà fò kúrò láàárín yanrìn, ó padà bọ́ sílẹ̀, eyín rẹ̀ sì gé ahọ́n rẹ̀.

Hadiza ò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. "A'a," ó wí jẹ́jẹ́ pé rárá, bí ẹni tó ń kọ oúnjẹ. Ó ń tú báńdéèjì.

Wọn ò tíì kọjá Kasarawa tán. Ìlọrin ṣì wà níbi tí Ìlọrin wà.

Lábẹ́ igi, Táwà ń tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àwọn ọkùnrin náà ń wá ọgbọ́n.

"Tí mo bá rọra wà á ńkọ́?" Adérógbà béèrè.

"Bí ẹ bá rọra, ọjọ́ méjì ni," Hadiza dá a lóhùn ní Hausa. "Ní ọjọ́ kejì, kò ní lè mí mọ́."

"Tí a bá wá dè é mọ́ pákó?" Gbádéyan ní.

"Nínú mọ́tò ẹ? Pákó á kàn máa gbá a lórí ni. Nínú tèmi ló ti lè dáa."

"Nínú tìẹ, pákó á máa yọ̀ kiri bí ọṣẹ! Tíṣà, rírọ̀ tìẹ yìí ló fẹ́ pa á."

"Líle tìẹ ńkọ́?"

Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ẹnu fi rẹ̀ wọ́n. Gbádéyan fọwọ́ lé orí mọ́tò rẹ̀. "Bí a bá lè gbé rírọ̀ tìẹ sórí ẹsẹ̀ tèmi," ó ní.

"Òótọ́ ni," Adérógbà ní. "Ìyẹn ni ì bá ṣe é."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa gbà fún ara wọn láti ọdún tí wọ́n ti ra mọ́tò, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Táwà fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, ó wọlé lọ bá ọkọ rẹ̀.

Ahọ́n rẹ̀ ti wú. Ó jókòó síbi tí Jíbọ́lá ti lè rí ojú rẹ̀.

"Kò sí èyí tó lè gbé yín," ó ní. "Mo dán méjèèjì wò bí ẹ ṣe wà. Èyí tó rọ̀ á yí ọrùn, èyí tó le á gbá a. Tí wọ́n bá rọra, ẹ ò ní débẹ̀."

Omi jáde ní igun ojú Jíbọ́lá, ó ń ṣàn lọ sínú etí rẹ̀, Táwà sì bá a nù ún nítorí kò lè nù ún fúnra rẹ̀. Kò sọ fún un pé yóò dára. Kò mọ bí èèyàn ṣe ń sọ ohun tí kò rí.

"Ibí náà ni, ẹ̀n?" Jíbọ́lá ní.

"Ibí náà ni."

Ó mí, ó tún mí.

"Èwo ló yá jù nínú méjèèjì?"

"Ti Alága."

"Kó lọ gbé ìyá mi wá."

Táwà tẹ orí ba. Ìyá Jíbọ́lá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn ò tíì sọ fún un. Wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kí iṣẹ́ abẹ parí ná, kó lè jẹ́ pé ìròyìn ayọ̀ ni màmá máa gbọ́.

"Màmá ti darúgbó," Táwà ní. "Ọ̀nà náà jìn. Ti Tíṣà ló rọ̀."

"Ẹkún ni yóò máa sun láti ọ̀hún débí. Kí ni yóò fi rírọ̀ ṣe? Èyí tó yá ni kí wọ́n gbé lọ. Táwà, kó tètè lọ."

Táwà jáde. Òòrùn ti gba abẹ́ igi náà, àwọn ọkùnrin méjèèjì sì ti tẹ̀lé ibòji dé ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Alága, Bàbá Ẹwà ní tiyín ni," ó ní. "Torí pé ó yá."

Ẹ̀rín yọ lẹ́nu Gbádéyan. Ó ti ń kọjú sí Adérógbà, ó ti ń sọ pé, "Ṣé mo sọ fún ọ," kí Táwà tó parí ọ̀rọ̀: "Ẹ lọ gbé ìyá wọn wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kí màmá lè bá wọn láàyè."

Gbádéyan yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò jáde lápò. Adérógbà wo ilẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ mọ́tò mọ́.

"Kí ni kí n sọ fún màmá?" Gbádéyan béèrè nígbà tó ti wọ mọ́tò tán.

"Ẹ sọ pé ọmọ wọn ń pè wọ́n."

"Tí wọ́n bá bi mí pé ṣé ó ń sàn?"

"Ẹ ní kò sàn. Ẹ má wá ọ̀rọ̀ míì fi bò ó."

Ó lọ. Táwà gbọ́ ẹ́ńjìnnì náà títí tó fi kọjá géètì. Hadiza ti ń pè é láti ẹnu ọ̀nà pé ó tó àsìkò láti yí Jíbọ́lá sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà degbò. Ó wọlé. Hadiza di orí mú, Táwà di èjìká àti ìbàdí, wọ́n sì rọra yí i.