Ìbéèrè Inú Páálí Bàtà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ojú ayé, ẹ wá wo ọ̀gá ilé-ìwé wa níwájú àlejò. Lọ́jọ́ tí obìnrin kan tó ń ṣèwádìí nípa ọpọlọ wá bá àwọn ọmọ kíláàsì àgbà sọ̀rọ̀, iwájú pátápátá ni ọ̀gá jókòó sí. Ó ń lá súìtì minti rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó sì ń mi orí sí gbogbo ọ̀rọ̀, ìbáà yé e, ìbáà má yé e.

Obìnrin náà fi àwòrán ọpọlọ hàn wá lára ògiri. Ó ní oògùn líle àti ọtí a máa yí ọpọlọ padà, títí tí kò fi ní bèèrè ohun mìíràn mọ́ yàtọ̀ sí wọn. Ó ní àárẹ̀ ọkàn sì sábà máa ń bá a rìn pọ̀.

"Àìsàn ni, kì í ṣe ìwà ìpáǹle," ó ní. "Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí wọ́n wá ìtọ́jú."

Ọ̀gá fò dìde, ó gba makirofóònù. "Ẹ gbọ́ o! Àìsàn ni! Bàbá yín ni mo jẹ́, ẹ má bẹ̀rù mi!"

Wọ́n wá gbé páálí bàtà kan káàkiri, kí ẹni tó bá ní ìbéèrè kọ ọ́ sínú bébà láì kọ orúkọ. Obìnrin náà dáhùn mẹ́jọ, àkókò tán, ó lọ. Páálí kù sọ́wọ́ ọ̀gá.

Ọkọ̀ àlejò ò tíì jáde ní géètì tí ọ̀gá fi pe èmi tí mò ń kọ́ wọn ní báyọ́lọ́jì sí ọ́fíìsì. Ó na bébà kan sí mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Bí èèyàn bá fẹ́ fi oògùn sílẹ̀, ta ló lè sọ fún tí wọn ò ní lé e?"

"Tíṣà, ẹ bá mi wo ọwọ́ ìkọ̀wé yìí. Ta ló ni ín? Ilẹ̀ ò ní ṣú kí n tó lé e."

"Ṣebí ẹ ní àìsàn ni, ọ̀gá?"

"Èyí tá a sọ fún àlejò yàtọ̀!"

Mo mọ ọwọ́ yẹn bí ẹní mowó. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń máàkì ìwé ọmọ náà. Ó mọ̀wé, ṣùgbọ́n láti oṣù méjì ló ti ń sùn ní kíláàsì, èmi náà sì ń pè é ní ọ̀lẹ. Ó dùn mí, inú sì tún bí mi.

"Èmi ni mo kọ ọ́," mo ní. "Ẹ máa lé mi lọ."

Mo ń retí ariwo, àmọ́ ọ̀gá dìde, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ó ju súìtì mìíràn sẹ́nu. Ìgbà tó sún mọ́ mi ni mo gbóòórùn ohun tí minti ti ń bò mọ́lẹ̀ látọjọ́ yìí. Ọtí ni.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́," ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ṣé ẹ ti rí ẹni tí ẹ lè sọ fún? Mo ti gbìyànjú títí, mi ò lè dá fi í sílẹ̀."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀rín sì fẹ́ẹ̀ pa mí. Mo tẹ́ bébà náà síwájú rẹ̀, mo gbé kálàmù lé e lórí.

"Ọ̀gá, ọmọ tó kọ ọ́ ló kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ dá a lóhùn ná."