Ìwé Tó Fi Ìparí Rẹ̀ Pamọ́

Mọ́rẹ́nikẹ́ ọ̀rẹ́ mi, àlá rẹ ni mo lá mọ́jú. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ ti kú, o ò kàwé mọ́; o ní ibì kan náà ni gbogbo ìtàn ń parí sí. Nínú àlá náà, mo kó ìwé méjì wá bá ọ.

Èkíní, ìwé ìṣírí, wúkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. O sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ jókòó, ẹ mu omi ná."

Èkejì jẹ́ ìtàn àwọn tó ń gbin iṣu lórí òṣùpá. O fẹ́ kọ́kọ́ ka ojú ewé tó kẹ́yìn, bí ìṣe rẹ. Ìwé náà fi í há abíyá: "Màmá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú."

O rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló jí mi.

N ò mọ ìtumọ̀ àlá náà. Ṣùgbọ́n mò ń gbé ìtàn òṣùpá kan bọ̀ wá fún ọ. Mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ìparí rẹ̀ pa.