Ẹ̀ẹ̀kan Péré ní Fenton

Líìgì tí kò dọ́gba kì í ṣe líìgì, ẹ̀tàn ni. Mo ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti sọ ọ́ níbi tí mo ti ń ṣe irun, n ó sì máa sọ ọ́ títí wọ́n á fi sin mí. Tẹ́lẹ̀, yunifásítì mẹ́wàá ló wà nínú líìgì wa. Ẹ wá bá wa nílé, àwa náà wá bá yín nílé. Ẹni tó bá gba ife, gbogbo ayé mọ̀ pé ó tọ́ sí i. Ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ní àwọn ń fẹ́ òǹwòran púpọ̀ sí i, wọ́n kó mẹ́rin mìíràn wọlé, ọjọ́ ò wá tó mọ́ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti bá gbogbo ìyókù gbá lẹ́ẹ̀mejì. Ni ètò tọdún yìí bá jáde: àwa Marlow yóò bá Fenton gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n lẹ́ẹ̀kan péré, ní ilé wọn. Fenton yìí kan náà yóò sì pàdé ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìkẹyìn lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ìyẹn dáa?

Rhonda, tó ti ń jókòó tì mí nínú gbọ̀ngàn bọ́ọ̀lù kí irun wa tó funfun, kàn ń rẹ́rìn-ín.

"Marlene, ṣé líìgì ló ń dùn ẹ́ ni, àbí Duane?"

"Ta ló dárúkọ Duane níbí?"

"Ojú ẹ ló dárúkọ ẹ̀. Bí a bá ń jà, bí ká kú kọ́ o."

Duane ni àbúrò mi, òun nìkan sì ni mo ní. Fenton ló ń gbé, ti Fenton ló sì ń ṣe. Nígbà tí Màmá wa kú, ó ta ilé tí wọ́n bí wa sí fún àgbẹ̀ ńlá kan. Àgbẹ̀ náà wó o lulẹ̀, ó gbin àgbàdo dé ibi tí Màmá ti ń dáná. Láti ọjọ́ náà, mi ò bá Duane sọ̀rọ̀ mọ́, àfi lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ bọ́ọ̀lù yàtọ̀. Onílé á se ọbẹ̀ ẹ̀wà pupa àti ẹran lílọ̀, á fi bọ́tà ẹ̀pà sáàrin búrẹ́dì. Àlejò á wá lọ́wọ́ òfo, á jẹun, á bú ẹgbẹ́ onílé, á sì padà sílé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè pe ìyẹn ní ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mo máa ń rí ojú àbúrò mi. Bó bá ti tẹrí ba sórí abọ́, n ó máa wò ó bóyá ó ti rù.

Lọ́sẹ̀ tí ìdíje náà kù sí dẹ̀dẹ̀, ó pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ń bọ̀ ní Sátidé, àbí? Mo ti fẹ́ rẹ ẹ̀wà o."

"Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo lo ń bọ̀ ní Marlow?"

"Kò sí ìyẹn lọ́dún yìí. Èmi kọ́ ni mo ṣètò líìgì."

"Kí n wá sọ́dọ̀ rẹ, kí ìwọ má wá sọ́dọ̀ mi? Kò dọ́gba. N ò wá."

"Ẹ̀rù ló ń bà yín. Ẹ mọ̀ pé a máa fàgbà hàn yín."

"Ìwọ? Àgbà wo? Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà?"

Ó rẹ́rìn-ín. Mo dúró kó tún bẹ̀ mí. Ó ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi," ló bá gbé fóònù sílẹ̀.

Ilé ni mo ti wo ìdíje náà lórí tẹlifíṣàn. Fenton fi àmì méjì nà wá. Bí inú ṣe ń bí mi lọ́wọ́ ni kámẹ́rà yí sí àwọn òǹwòran. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, àwọn kan ń nàró lẹ́yìn, Duane sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà pupa rẹ̀. Ó tẹ́ kóòtù rẹ̀ sórí ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìjókòó mi ni. Títí ìdíje fi parí, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Mo tún bínú sí i, nítorí ó yẹ kó bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì.

Sátidé kejì nínú oṣù Kejì ni Fenton máa ń wá bá wa nílé látọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, mo gbé ẹ̀wà kaná. Mo sọ fún ara mi pé oúnjẹ lásán ni mò ń sè. Síbẹ̀ abọ́ méjì ni mo gbé sórí tábìlì, mo sì jókòó sí ojú fèrèsé títí òòrùn fi yí. Kò sẹ́ni tó wá.

Èmi ò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, òun náà ò wá sọ́dọ̀ mi. Ohun tí mo ti ń pariwo fún láti ìgbà tí ètò ti jáde nìyí: a ti dọ́gba. Mo wo abọ́ kejì yẹn, ẹ̀rù bà mí.

Mo fi aṣọ wé ìkòkò náà, mo gbé e sínú ọkọ̀, mo wakọ̀ gba ojú yìnyín lọ sí Fenton. Duane ṣílẹ̀kùn. Ó ti rù lóòótọ́. Ó wo ojú mi, ó wo ìkòkò.

"Kò sí bọ́ọ̀lù lónìí," ó ní.

"Mo mọ̀."

"Èmi ló sì kàn láti wá sọ́dọ̀ yín. Èyí ò dọ́gba, ẹ̀gbọ́n mi."

"Duane, gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ń jó mi."